Ṣọ́bìrì Orí Ògiri Òkun

Ká ní àwọn àgùntàn ni Justus Hellwege wò ni, ì bá ti mọ̀. Gbogbo orí ògiri òkun Osterwarden ni wọ́n ti ń jẹko láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì ti jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, àfi ojú ibì kan ṣoṣo. Níbẹ̀, koríko ga dé orúnkún ènìyàn. Ṣọ́bìrì kan dúró láàárín rẹ̀, wọ́n gún un wọlẹ̀ débi pé irin rẹ̀ kò hàn mọ́, igi rẹ̀ sì ti ṣá nítorí oòrùn àti atẹ́gùn iyọ̀. Kò sí àgùntàn tó sún mọ́ ọn. Kò sí ènìyàn tó wò ó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Justus Hellwege nígbà náà, ajẹ́lẹ̀ tuntun tí ìjọba Hannover rán wá láti máa ṣàkóso ilẹ̀ ẹrẹ̀ etíkun yẹn. Ọmọ orí òkè ni, níbi tí omi kò ti ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa yí ọlọ lọ. Ó kàwé òfin yanjú, ó fẹ́ Ottilie ọmọ adájọ́, Ottilie sì ti lóyún. Kò fi èrò ọkàn rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: yóò lo ọdún díẹ̀ ní Osterwarden, òkìkí iṣẹ́ rẹ̀ yóò kàn, wọn yóò sì pè é lọ sí olú ìlú, kó máa jókòó nínú ìgbìmọ̀ ọba. Àtẹ̀gùn ni Osterwarden jẹ́ lójú rẹ̀. Ta ní ń kọ́lé sórí àtẹ̀gùn?

Ọjọ́ àyẹ̀wò ògiri ni ọjọ́ náà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri yìí, ó ga tó òrùlé ilé, koríko bò ó, òun nìkan ló sì wà láàárín ìlú àti òkun. Ilé kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ máa tún ṣe, nítorí bó bá ya níbi kan, ó ya fún gbogbo ìlú nìyẹn. Bí ewé bá ti ń rú, ajẹ́lẹ̀ àti àwọn àgbà á rìn ín láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Àwọn àgbà ń bọ̀ lẹ́yìn Hellwege nínú kóòtù dúdú wọn, wọ́n ń fa ìkòkò tábà, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ṣọ́bìrì náà ni ẹ̀rín ń kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló ni èyí?" ni Hellwege bèèrè.

Focke Harms, àgbà wọn, tí ẹnu rẹ̀ kò tíì sinmi láti àárọ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà. Bàtà rẹ̀ kò ní okùn.

"Mo ní ta ló ni ín? Àbí bí ẹ ṣe ń tọ́jú irinṣẹ́ níbí nìyí? Ọ̀lẹ wo ló gún ṣọ́bìrì sílẹ̀ kó máa dípẹtà?"

"Ọ̀gá," ni Focke wí, kò gbé orí sókè, "ẹ jẹ́ ká máa lọ. Oúnjẹ ti ń tutù."

Wọ́n ní àlejò lójú, àmọ́ kò fi í ríran. Ẹni tí wọ́n rán wá ṣàkóso ìlú gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìlú mọ̀ pé òun dé. Hellwege ki ọwọ́ méjèèjì mọ́ igi ṣọ́bìrì náà, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó fà á. Ó ti rò pé yóò le. Kò le rárá. Ńṣe ló yọ wẹ́rẹ́, omi sì ń kán lára irin rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òjò kò rọ̀ láti ìgbà tó ti dé ìlú náà.

Gbogbo àwọn ọkùnrin náà ṣí fìlà lórí.

Nígbà náà ni ó gbọ́ ariwo nísàlẹ̀ ògiri, níhà ilé. Ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan wà níbẹ̀ tó ti jókòó lórí ẹrù rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń bọ̀. Ó fò dìde, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó da ojú wọn dé, ó ti ọwọ́ bọ inú wọn, ó tún fọwọ́ pa àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ó gbé ẹrù rẹ̀ kọ́ èjìká, ó fi bàtà sílẹ̀ síbẹ̀, ó gba ọ̀nà òkè lọ láì wọ bàtà. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Wèrè ni?" ni Hellwege bèèrè.

"Tjark Immen ni," ni Focke dáhùn. "Ó ń lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀."

Hellwege na ṣọ́bìrì náà sí wọn pé kí ẹnì kan bá òun gbé e. Àṣé ọwọ́ gbogbo wọn ló dí: ẹni kan mú ìkòkò tábà, ẹni kan mú fìlà, ẹni kan dédé ń nu imú. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e dé ibi oúnjẹ. Lójú ọ̀nà, ó rí i pé omi wà nínú bàtà òun. Ó rò pé ibì kan ló ti tẹ àbàtà láì mọ̀.

Ní ilé ọtí, wọ́n gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, wọ́n bu ewébẹ̀ tútù tí wọ́n sè pẹ̀lú sọ́séèjì fún un, wọ́n rọ ọtí líle sí ife rẹ̀ kó tó tán rárá. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó ń sọ lọ́kàn pé àwọn ènìyàn yìí kò burú tó bí wọ́n ṣe wí.

"Ẹ jẹun dáadáa, Ọ̀gá," ni Focke wí, ó sì ń wo inú ife tirẹ̀. "Ará ilé ni yín báyìí."

Ọ̀rọ̀ bàtà yẹn kò tán bọ̀rọ̀. Hellwege á wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ láàárọ̀, á jókòó sí ọ́fíìsì lórí pákó gbígbẹ, iná á máa jó nínú ààrò, kó tó di ọ̀sán ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti tutù rinrin. Dókítà ní òógùn ni. Ó fún un ní ìyẹ̀fun tí yóò máa bù sínú bàtà. Hellwege fi ìka kan omi náà, ó fi kan ahọ́n. Iyọ̀ ni. Òógùn náà níyọ̀, ó sọ fún ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òógùn kì í ní òórùn ẹja.

Ottilie kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Mo fẹ́ ajẹ́lẹ̀, àṣé pẹ́pẹ́yẹ ni mo gbé wọlé," ló máa ń wí. Nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí apá ẹsẹ̀ ibùsùn wọn kì í gbẹ. Gesche, obìnrin tó ń bá wọn tọ́jú ilé, ló máa ń ká aṣọ ibùsùn náà láràárọ̀. Kì í ráhùn, kì í béèrè ohunkóhun. Ottilie sọ pé òun yọ sí i lẹ́ẹ̀kan níbi tó ti ń fọ̀ wọ́n, ó ń sunkún sínú ọpọ́n.

Wọ́n bí Malwine, ọmọbìnrin, ó rí minijọ. Kò tíì máa sáré nígbà tí ohun tí Hellwege ń retí dé: wọ́n ní kó wá sí Hannover, àyè ti ṣí sílẹ̀ fún un. Ilé hó yèè. Ottilie jó yíká yàrá pẹ̀lú ọmọ lápá. Wọ́n di ẹrù, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, wọ́n sì gbọ̀nà. Oòrùn mú, ewé kan kò mì. Wọ́n dé ibi tí ilẹ̀ ẹrẹ̀ ti parí, tí ilẹ̀ yanrìn bẹ̀rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ilé ọlọ alátẹ́gùn, ni ikọ́ bá gbé Hellwege.

Ó rò pé eruku ni. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, omi tú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó dà sára kóòtù tuntun, ó mọ́, ó tutù, ó níyọ̀. Kó tó lè sọ̀rọ̀, agogo ṣọ́ọ̀ṣì Osterwarden ti ń dún lẹ́yìn wọn láìdúró. Ó yíjú. Ògiri ti ya. Láì sí ìjì, láì sí ìgbì, omi ń gba ibi tí ṣọ́bìrì yẹn ti dúró wọlé, díẹ̀díẹ̀, bí àlejò tó mọ ilé.

"Yí kẹ̀kẹ́ padà!" ló pariwo nígbà tó rí èémí mí.

Nígbà tó dé ibẹ̀, omi ti gbé màlúù méjì lọ, ó sì ti dé ojú fèrèsé ilé opó kan. Àwọn ọkùnrin oníkóòtù dúdú dúró lórí ògiri pẹ̀lú amọ̀ àti pòròpórò, wọn kò yára, wọn kò bẹ̀rù. Ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Hellwege gun ògiri náà, bó ṣe fẹsẹ̀ kàn án ni omi bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn.

"Ẹ kú àbọ̀, Ọ̀gá," ni Focke wí.

Ó sọ fún Hannover pé òun kò lè fi ìlú sílẹ̀ nínú àjálù. Wọ́n yìn ín gidigidi. Ottilie kò yìn ín. "Ìjàm̀bá lásán ni, Justus. Ògiri ya, wọ́n mọ ọ́n padà. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?" Òun náà fẹ́ gbà pé ìjàm̀bá lásán ni. Ó ṣáà ń fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Kí ó tó mọ̀, Malwine ti ń kọrin, ó ti ń bi ènìyàn ní ìbéèrè tí kò lópin.

Ìgbà òtútù kan wá dé tí òkun fúnra rẹ̀ dì gbagidi. Láti orí ògiri, èèyàn kò rí omi kankan mọ́, yìnyín ni títí dé ibi tí ojú mọ. Hellwege wò ó, inú rẹ̀ sì dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Omi tó ti dì, kí ló lè ṣe? Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló kó ìyàwó àti ọmọ. Wọ́n kọjá ilé ọlọ, ikọ́ kò gbé e. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ti ń rí òkè lọ́ọ̀ọ́kán. Ottilie di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fi sílẹ̀. Malwine sùn lọ lórí itan bàbá rẹ̀, ooru ààrò inú ọkọ̀ ń fẹ́ sí wọn lára, oòrùn sì ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Ooru yẹn ló bà á jẹ́. Hellwege kọ́kọ́ gbọ́ ohun kan nínú àyà ara rẹ̀, ó ń dún wọ̀ọ́rọ̀wọ́, bí yìnyín tó ń là. Lẹ́yìn náà ni omi dé. Ó gba ẹnu dé, ó gba imú, kò dúró. Ó dà sórí ọmọ tó ń sùn lórí itan rẹ̀, ó wọ ọ́ lẹ́nu, ó wọ ọ́ nímú, ọmọ náà ta gìrì, kò lè ké. Ojú rẹ̀ ti ń dúdú nígbà tí Ottilie já a gbà. Àwọn èrò ń pariwo, wọ́n ń gun orí àga. Bí ọkọ̀ ṣe dẹ̀rìn ní ibùdókọ̀ kékeré kan, Hellwege bẹ́ sílẹ̀ sínú yìnyín.

Ottilie yọjú lójú fèrèsé, ọmọ ń wúkọ́ léjìká rẹ̀. Ẹ̀rù tó wà lójú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀rù tí ènìyàn ń bà fún ọkọ.

"Má tẹ̀ lé wa mọ́, Justus," ló wí. "Mo bẹ̀ ọ́."

Ọkọ̀ sì lọ.

Gesche ló ṣí ilẹ̀kùn fún un nígbà tó padà dé. Kò bi í níbi tí ìyàwó wà. Ó fà á wọ ilé ìdáná, ó gbé kọfí gbígbóná síwájú rẹ̀, ó sì jókòó. Kò jókòó níwájú rẹ̀ rí.

"Ẹ mọ òfin ṣọ́bìrì, Ọ̀gá," ló wí wúyẹ́wúyẹ́.

Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó kà á sétí ìlú pé ìjọba ti pa òfin náà rẹ́, kò sì rántí rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tó fa ṣọ́bìrì náà. Òfin àwọn baba ńlá wọn ni: ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé apá ògiri tirẹ̀ mọ́, yóò gún ṣọ́bìrì rẹ̀ síbẹ̀, yóò sì fi ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fa ṣọ́bìrì náà yọ ló jogún ilẹ̀ náà, ló jogún ògiri náà, àti gbogbo gbèsè tí ògiri náà bá jẹ òkun.

"Òfin yẹn ti kú," ni Hellwege wí. "Mo kéde rẹ̀."

"Ẹ kéde ẹ̀ fún wa, a gbọ́. Ṣé ẹ kéde ẹ̀ fún òkun?"

Ó di kọfí rẹ̀ mú, kò mu ún. Ó ti mọ̀ pé á níyọ̀.

"Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ kò lè kọjá ilé ọlọ," ni Gesche ń bá a lọ. "Bó bá fẹ́, kó gún un padà, ìyẹn kò ní kí omi fi í sílẹ̀. Àfi bí ẹlòmíràn bá fà á. Ọwọ́ ẹni tó gún un kò sì lè mú un mọ́ láyé, á kàn máa yọ̀ bọ́ ni. Ará ibí kankan kò sì ní fà á, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àlejò ló máa fà á. Tjark jókòó síbẹ̀ títí irùngbọ̀n ẹ̀ fi funfun, kí àlejò tó dé."

"O mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ kìíní lo ti mọ̀ ọ́n."

"Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni kò fi sọ fún mi? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Gesche! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo!"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni Tjark," ni Gesche wí. "Ó ní ọmọ mẹ́ta lókè tí kò mọ̀ ọ́n lójú. Ẹ sọ fún mi, Ọ̀gá, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa sọ̀rọ̀?"

Hellwege bínú débi pé ó fi ife náà lu ilẹ̀. Ó ní òun á sọ̀rọ̀. Ó ní Ọlọ́run ló mọ̀ pé òun á sọ̀rọ̀, òun kì í ṣe irú ènìyàn wọn. Ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́bìrì náà fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, tí kò gún un síbì kankan.

Ẹ wá wo iṣẹ́ ọba bó ṣe ń gbé ènìyàn ga. Nítorí pé kò níbi tó lè lọ, Hellwege di ajẹ́lẹ̀ tí kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Òjò ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni, orí ògiri ni ẹ ó ti bá a. Wọ́n pè é sí Hannover lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kọ̀. Ogun dé, wọ́n lé ọba Hannover kúrò lórí ìtẹ́, àwọn ará Prussia gba ilẹ̀, wọ́n pààrọ̀ àsíá, wọ́n pààrọ̀ àwọn ajẹ́lẹ̀ yòókù; wọn kò pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ará Prussia náà pè é sí Berlin, ó tún kọ̀. Wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ láyà. Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè wọn sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé ọkùnrin tó kọ ipò ńlá nítorí ìfẹ́ àwọn mẹ̀kúnnù nìyí, kí àwọn ọ̀dọ́ wá kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Hellwege tẹrí ba, omi sì ń dún pọ̀ṣọ̀pọ̀ṣọ̀ nínú bàtà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó fẹ́ láyé ju kó wo ojú Malwine lọ. Ottilie kì í jẹ́ kí ọmọ náà wá. Ohun tó sọ fún un ni pé iṣẹ́ ni bàbá rẹ̀ fẹ́, kò fẹ́ wọn. Kí ni ì bá sọ? Malwine dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ obìnrin. Gbogbo rẹ̀ ń dé etí Hellwege láti ẹnu àjòjì, bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ìlú òkèèrè.

Ottilie wá kú. Wọ́n sin ín sókè lọ́hùn-ún. Ọkọ rẹ̀ lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ilé ọlọ láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, ó kọjú sí òkè, ikọ́ ń já a láyà. Nígbà tó padà wálé, ó mú ṣọ́bìrì náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Gesche ti dàgbà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Síbẹ̀ ó gbọ́ bí irin ṣe fara gbo pákó. "Ọ̀gá, níbo lẹ ń gbé ìyẹn lọ?"

"Mo fẹ́ fẹ̀yìntì," ni Hellwege wí. "Ajẹ́lẹ̀ tuntun ń bọ̀ nígbà ìrúwé. Volkmar ni wọ́n ń pè é. Ọmọ orí òkè ni."

"Wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni."

"Mo gbọ́."

"Wọ́n ní ìyàwó náà ti lóyún."

Hellwege dúró lójú ilẹ̀kùn. "Èmi náà ní ọmọ-ọmọ tí n kò rí rí," ló wí.

"Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, Ọ̀gá. Ohun tẹ́ ẹ bá gún sílẹ̀ fún àlejò, ẹ ò mọ ọwọ́ tó máa kàn án."

"Ìlú yín ló kọ́ mi."

Ó gún un sí ojú ibi tó ti fà á lọ́jọ́ yẹn. Ó wọlẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó gbìyànjú láti tún un mú, kó lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni Gesche sọ. Igi náà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹja. Kó tó di pé yìnyín yọ́ tán, koríko ti ga níbẹ̀, àwọn àgùntàn sì ti ń yà fún un.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Oòrùn ràn, ìrì sì mú kí ara ògiri máa yọ̀. Hellwege di ẹrù díẹ̀, ó lọ jókòó lé e nísàlẹ̀ ògiri, níhà ilé, ó sì kẹ̀yìn sí i. Ó ti rí Volkmar láàárọ̀ nígbà tó wá kí i. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ni, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀, tó ní òun á lo ọdún díẹ̀ níbí kí òun tó máa gòkè. "Ẹ̀yin ni àwòkọ́ṣe wa, Ọ̀gá," ló sọ fún un. Ìyẹn ló jẹ́ kó kẹ̀yìn. Kò fẹ́ rí ojú ọmọ náà nígbà tó bá fà á.

Ó ń gbọ́ ohùn wọn lókè bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Focke ti kú. Renke ọmọ rẹ̀ ló ń dá wọn lẹ́rìn-ín báyìí. Hellwege lè sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé òun lè dìde, kí òun gbé ọwọ́ sókè, kí òun sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó rántí ife tó fọ́ nílé ìdáná. Ó ń ronú nípa ojú ọ̀nà òkè, ilé Malwine, bí òun á ṣe kan ilẹ̀kùn, bí òun á ṣe jókòó tí ọmọ-ọmọ òun á sùn lórí itan òun, tí kò sì ní sí ohun tí yóò ṣe é.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan kọjá lójú ọ̀nà, ó dúró níbì kan lẹ́yìn rẹ̀, ó tún lọ. Kò wò ó. Lókè, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí kú lẹ́nu àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ.

Kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ó bọ́ bàtà, ó da ojú wọn dé, ó ti ọwọ́ bọ inú wọn. Wọ́n gbẹ. Ó fọwọ́ pa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbẹ, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹsẹ̀ ọmọdé. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó di ẹkún, ó tún di ẹ̀rín. Ó gbé ẹrù rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kìíní sí ọ̀nà òkè.

"Bàbá!"

Ohùn obìnrin ni. Ó jọ ti Ottilie gan-an. Ó yíjú.

Obìnrin arẹwà kan ń sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ó fọwọ́ kan gbé etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì fọwọ́ kejì tẹ ṣọ́bìrì nílẹ̀ bí ọ̀pá kí ó má baà yọ̀ ṣubú. Lókè rẹ̀, Volkmar ń wò káàkiri bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé. Àwọn àgbà yòókù ti ṣí fìlà lórí.

"Bàbá, èmi ni, Malwine! Ẹni tó gbé mi wá ló fi yín hàn mí láti òkèèrè, mo sì gba orí ògiri kí n lè tètè bá yín. Ilẹ̀ yín mà ń yọ̀ o! Ọpẹ́lọpẹ́ irinṣẹ́ yìí tí mo rí fà yọ." Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé wà lójú rẹ̀. "Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ fẹ̀yìntì. Mo ní kí n wá mú yín lọ sílé. Mo fi ọmọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀, mo sọ fún un pé n kò ní pẹ́ rárá."

Hellwege ju ẹrù sílẹ̀. Ó sáré pàdé rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbá igi ṣọ́bìrì náà mú, ó fún un, ó fà á. Ó yọ̀ bọ́. Ó tún gbá a mú, ó ń ké bí ẹranko, ó ń fi èékánná ha igi náà. Ó ń yọ̀ bọ́ ṣáá.

"Renke!" ló ké sókè. "Ẹ wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́! Ẹnikẹ́ni!"

Volkmar fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Renke Harms rọra gbé ọwọ́ lé e láyà, ó dá a dúró. Ó wo Malwine, ó fi fìlà rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ẹ káàbọ̀, ọmọ wa," ló wí. "Ẹ bọ́ sókè ká lọ jẹun. Ará ilé ni yín báyìí."

Malwine wo bàbá rẹ̀ tó wólẹ̀ sínú koríko níwájú rẹ̀, tó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Kò mọ ohun tó ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa irun funfun rẹ̀, ó sì yí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wò bí ẹni tí nǹkan ń yọ lẹ́nu.

"Ó ti tó, Bàbá, mo ti dé," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Omi ti wọ bàtà mi."